Páànù tòkúnbọ̀, ẹran Bódìjà àti bọ́tà aláta

Ohun tí mò ń lé ò ju báyìí lọ: sítéèkì, ìyẹn ègé ẹran màlúù tí wọ́n ń sun nínú páànù, tó nípọn, tí ẹ̀yìn ẹ̀ sun dáadáa títí tó fi pọ́n, tí inú ẹ̀ rọ̀ tó sì lómi, kí bọ́tà tí ata rodo wà nínú ẹ̀ máa yọ́ lé e lórí. Ẹran ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo sì fẹ́ fi ṣe é o, kì í ṣe èyí tí wọ́n dì sínú ike ní súpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wá lẹ owó gọbọi mọ́ ọn lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ fún mi pé màlúù tiwa ò ṣe é fi ṣe sítéèkì, wọ́n ní ó ti rìn jù, pé iṣan ni gbogbo ara ẹ̀, pé kò ní ọ̀rá láàárín ẹran bíi ti màlúù òyìnbó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Màlúù funfun oníwo gígùn yẹn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní Bunaji, kì í fi bẹ́ẹ̀ kó ọ̀rá sínú ẹran, abẹ́ awọ àti iké ló ń kó o sí. Àmọ́ lójú tèmi, ohun tó ń ba sítéèkì jẹ́ nílé wa kì í ṣe màlúù, ìkánjú ni, àti omi. Ìkánjú láti ọ̀dọ̀ alápatà dé orí iná, omi lára ẹran. Bó ṣe lọ rèé, mo bẹ̀rẹ̀ látorí páànù.

PÁÀNÙ

Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ ni mo ti rí i, ó wà lábẹ́ àwọn tósítà àti íróònù tí wáyà wọn ti já, irin gidi, ọwọ́ àti ara ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ó wúwo débi pé tó bá já lé ẹsẹ̀ yín ẹ máa dárúkọ Ọlọ́run. Ó ti dípẹtà látòkè délẹ̀. Ìyá tó ń tà á ní, "Bùọ̀dá, ẹ gbé e lọ jàre, irin ni, kí ló fẹ́ ṣe é?" Ọ̀rọ̀ ìyá tọ̀nà, torí ìpẹtà tó bá wà lójú irin lásán kì í ṣe nǹkan kan, fífọ̀ ló ń lọ. Kí n tó sanwó ṣá, mo fi eegun ìka kàn án nídìí, ó dún gooro. Páànù irin tó bá ti sán, ohùn ẹ̀ á kú ni, kò ní dún bẹ́ẹ̀. Mo tún gbé e lé orí pákó tó tẹ́jú, mo fọwọ́ tẹ etí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò mì. Èyí tó bá ń mì, ìdí ẹ̀ ti wọ́, ooru ò ní kárí ẹ̀ dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ irin? Torí pé irin tó nípọn máa ń di ooru mú. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ń ṣe ní Ṣakí dáa o, kíá ló ń gbóná, ọbẹ̀ àti ìrẹsì ò láfiwé nínú ẹ̀, àmọ́ páànù alumíníọ̀mù tó fẹ́lẹ́, tí ẹ bá gbé ẹran tútù lé e báyìí, ooru tó wà lára ẹ̀ á pòórá, kó tó tún gbóná padà ẹran ti ń tu omi. Èyí tí wọ́n fi kiní dúdú kùn tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, ẹ má dán an wò rárá. Tí kiní dúdú yẹn bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi 260°C ó ń bàjẹ́, èéfín tó ń rú jáde lára ẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó bá ń sin ẹyẹ nínú ilé tiẹ̀ lè bá ẹyẹ ní òkú.

Fífọ̀ ẹ̀: fínígà àti omi, ìdajì ìdajì, mo rẹ páànù sínú ẹ̀, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, mi ò jẹ́ kó pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan, torí tí fínígà bá jẹ ìpẹtà tán irin gan-an ló kàn tó máa jẹ. Mo wá fi kànrìnkàn onírin àti iyọ̀ há a, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ṣan án. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ báyìí kò ní sùúrù o, ẹ gbé e kalẹ̀ tòun ti omi lára, ẹ lọ dáhùn fóònù, ẹ̀ẹ́ bá a tó tún ti ń pupa. Tààrà láti ibi fífọ̀ sórí gáàsì ni, kó gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan òróró, èyí tó máa gbẹ mọ́ irin lára kó má baà tún dípẹtà. Òróró sóyà ni mo lò. Kì í ṣe gbogbo òróró ló ń ṣe iṣẹ́ yìí dọ́gba, òróró tó máa ń gbẹ tó sì ń le tó bá pẹ́ nínú ooru lẹ fẹ́, sóyà wà lára ẹ̀, epo pupa ò bá a mu torí nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ni irú ọ̀rá tí kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kùn ún tinú tòde títí kan ọwọ́ ẹ̀, kí ẹ wá fi àkísà mímọ́ nù ún bíi pé ẹ fẹ́ nu gbogbo òróró yẹn kúrò. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: bíi pé ẹ fẹ́ nù ún kúrò. Èyí tí ojú ò rí mọ́ yẹn gan-an ló máa gbẹ dáadáa, èyí tó bá ń dán yinrin ló máa ń dì gbùdù-gbùdù tí á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Mo dojú ẹ̀ dé nínú oven, 230°C, wákàtí kan, mo paná, mo jẹ́ kó tutù síbẹ̀, mo tún un ṣe títí tó fi dúdú ṣíṣú tó sì ń dán wẹ́rẹ́. Bọ́tìnnì oven tèmi ò ní nọ́ńbà ooru kankan lára, 1 sí 8 ni wọ́n kọ síbẹ̀, 8 kíní? Tẹmómítà oven tí wọ́n ń gbé kọ́ inú ẹ̀ ló gbà mí. Ẹ ṣí fèrèsé o, èéfín máa wà, ará ilé kejì máa béèrè.

ẸRAN

Àárọ̀ Túsìdeè ni mo lọ sí Bódìjà. Ẹran ìdájí yẹn, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo wa la gbà pé òun lẹran tó dáa jù. Fún ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Fún sítéèkì, òun gan-an ni wàhálà. Tí màlúù bá kú, láàárín wákàtí díẹ̀ iṣan ẹ̀ á fún pọ̀, á gan, ó sì máa ń gan dáadáa tó bá fi máa tó ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn èròjà tó wà nínú ẹran fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já iṣan yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹran á wá máa rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn alápatà ní Ìlú Ọba fi ń gbé ẹran màlúù kọ́ sínú yàrá tútù fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kí wọ́n tó tà á. Àwa ń pa á ní ìdájí, a ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kò sì dùn wá, torí pé a máa ń bọ̀ ọ́ títí tó fi gbà. Sítéèkì ò ní àǹfààní bíbọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò lórí iná, bó bá ṣe le wọbẹ̀ náà ló ṣe máa le jáde.

Mo bá Alhaji tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní, "Alhaji, ẹ káàárọ̀ o, ẹran ẹ̀yìn ni mo fẹ́, èyí tó gùn gbọọrọ tó tẹ̀lé ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e."

"Ẹ̀ẹ́ fi ṣe sùúyà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí àlàyé máa gùn. Wọ́n ti gbé àdá sókè kí n tó tún pariwo pé odidi ni, odidi! Àdá alápatà ò mọ ibi tí iṣan ń tọ̀, egungun àti owó tó wà lọ́wọ́ yín ló mọ̀. Fílẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn nínú ikùn, ló rọ̀ jù lára màlúù torí kì í ṣe iṣẹ́ kankan, àmọ́ méjì péré ló wà lára ẹran kan, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀, kò sì tiẹ̀ ládùn tó èyí tí mo rà yìí lẹ́nu tèmi. Alhaji wá gé ọ̀rá funfun kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ṣe èènì fún mi. Ẹ má sọ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ nù, ó níṣẹ́ tó máa ṣe.

Ojú mi tún lọ síbi iké. Iké ní ọ̀rá láàárín ẹran ju gbogbo ara màlúù yòókù lọ, tí ẹ bá rí i ẹ máa rò pé sítéèkì dé, àmọ́ ó kún fún iṣan líle tó jẹ́ pé ooru jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nìkan ló lè yọ́ ọ. Ní Brazil, tí wọ́n ti ń sin irú màlúù oníké bẹ́ẹ̀ gan-an, cupim ni wọ́n ń pè é, wọ́n á rọra sun ún títí tí á fi máa já lọ́wọ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lé páànù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nílé, mo fi omi ṣan odidi ẹran náà. Mo mọ̀ pé àwọn tó kọ́ oúnjẹ òyìnbó máa ní a kì í fọ ẹran. Ẹran tí eṣinṣin ti kí kú àárọ̀, èmi máa fọ̀ ọ́, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn ẹ̀, kí ẹ sì fọ síǹkì yẹn dáadáa. Mo gbé e lé orí àwọ̀n wáyà nínú fíríìjì, abọ́ lábẹ́ ẹ̀, mi ò bò ó, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo gbé e sí kí ẹ̀jẹ̀ má kán sí nǹkan míì. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló tó. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, fíríìjì tó wà ní 4°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mò ń wí. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀, mo to àwọn náílọ́ọ̀nù omi tó ti dì sí ẹ̀gbẹ́ ẹran, mo fi tẹmómítà kékeré síbẹ̀, tí mo bá ṣílẹ̀kùn òun ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ sítéèkì ti parí, ẹ ki ẹran bọ ìkòkò kíákíá kó tó pé wákàtí méjì, ẹ fi se ọbẹ̀ ata. Tó bá ti yọ̀, tó ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù, kò sí ọgbọ́n míì.

Tó bá fi máa di alẹ́ Fúráìdeè, ojú ẹran yẹn ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti gbẹ, tí ẹ bá fìka kàn án kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo fi ọ̀bẹ mímú bó awọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ẹ̀gbẹ́ kan, torí awọ yẹn kì í rọ̀ láyé, ńṣe ló ń fún pọ̀ lórí iná tí á mú kí ẹran ká kò. Mo wá wo ibi tí okùn ẹran ń tọ̀, mo dábùú ẹ̀, mo gé e ní nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Tí ẹ bá gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹran ọbẹ̀, inú ẹ̀ á jinná kí ẹ̀yìn tó sun, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Mo gbé ìkọ̀ọ̀kan lé síkéèlì, wọ́n wà ní nǹkan bíi 400 gíráàmù, mo fi iyọ̀ gíráàmù mẹ́rin ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, mo dá a padà sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí, ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá fi iyọ̀ sára ẹran, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ iyọ̀ á fa omi jáde, ẹ̀ẹ́ rí i tó ń sẹ̀ lójú ẹran. Tí ẹ bá gbé e lé páànù ní àkókò yẹn, omi lẹ gbé lé páànù. Tó bá tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, omi yẹn ti yọ́ iyọ̀, ó ti ń padà wọlé, tó bá sì di ọjọ́ kejì iyọ̀ ti wọnú, ojú ti gbẹ. Nítorí náà ó jẹ́ ọ̀kan nínú méjì, yálà kí ẹ fi iyọ̀ sí i kó tó ku ìṣẹ́jú àáyá tó máa wọ páànù, tàbí kí ẹ fi sí i láti àná. Àárín méjèèjì yẹn ni ibi tí wọ́n ti ń ba ẹran jẹ́.

BỌ́TÀ

Bọ́tà gidi, tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe, 250 gíráàmù, èyí tí kò níyọ̀. Ti inú ike Blue Band tí gbogbo wa bá nílé kọ́ o. Ọ̀rá ewéko nìyẹn, lórí búrẹ́dì ó dùn, àmọ́ kò ní wàrà tó ń fún bọ́tà ní adùn, tí ẹ bá sì gbé e lé ẹran gbígbóná ńṣe ló máa ṣàn lọ bí omi.

Ata rodo mẹ́ta. Mo là wọ́n, mo fi orí ọ̀bẹ há inú méjì nínú wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé kóró ata ló ń ta, kì í ṣe òun, awọ funfun tí kóró so mọ́ ni ibi tí títa ẹ̀ wà, kóró kàn ń gbé ìtòsí ni. Ata rodo máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000 lórí òṣùwọ̀n Scoville, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí ata ṣe ń ta tó, torí náà awọ funfun yẹn lẹ fi ń yan bó ṣe máa ta tó. Ẹyọ kan ni mo fi tiẹ̀ sílẹ̀, méjì ni mo há mọ́. Mo gbé wọn lé páànù gbígbẹ títí tí ẹ̀yìn wọn fi jó dúdú díẹ̀, mo gé wọn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú aáyù mẹ́rin, mo wá fi ṣíbí bọ́tà kan dín wọn lórí iná kékeré títí tí omi ara wọn fi gbẹ. Ẹ má fo apá yìí o. Títa ata kì í yọ́ nínú omi, inú ọ̀rá ló ń yọ́ sí, àwọ̀ ẹ̀ náà sì ń jáde síbẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí i tí bọ́tà ṣíbí kan yẹn á di pupa ròbòròbò. Ata tútù tí ẹ kàn lọ̀ pọ̀ mọ́ bọ́tà máa ń sọ omi sílẹ̀, ẹnu ẹni kan á ta, ti ẹlòmíì ò ní ta.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátá. Bọ́tà yòókù gbọ́dọ̀ rọ̀ tó fi jẹ́ pé ìka á wọnú ẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ́, torí bọ́tà tó bá ti yọ́, tó bá tún padà dì, á máa ṣe ṣákálá lẹ́nu, omi ẹ̀ á yà sọ́tọ̀. Mo po gbogbo ẹ̀ pọ̀: ata àti aáyù, ṣíbí tíì yájì kan (kúlíkúlí inú yájì yẹn ń fún un ní nǹkan kan tí mi ò lè ṣàlàyé), ata gígún díẹ̀, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo fi gírétà rin, ewé efinrin tí mo gé wẹ́wẹ́, iyọ̀.

Lẹ́yìn náà irú. Ìyàwó mi gbọ́ òórùn ẹ̀ láti pálọ̀, wọ́n ní, "Ẹ dákun, ṣé inú bọ́tà náà lẹ fẹ́ da irú sí?" Kí ìjà má bàa dé, mo pín bọ́tà sí méjì, mo fi irú wooro tí mo fọ̀, tí mo fún, tí mo sì gé kúnná-kúnná sínú ọ̀kan, ṣíbí tíì kan, mo fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yí ìkọ̀ọ̀kan sínú ewé eéran tí mo ti fi iná ràn díẹ̀ kó má ya, mo so ó lórí so ó nídìí, ó wọ fírísà. Náílọ́ọ̀nù náà máa ṣe é, ewé kàn ń fi òórùn tiẹ̀ kún un ni. Nítorí aáyù tó wà nínú ẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ lórí tábìlì láti òní di ọ̀la o; tó bá jẹ́ fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, fírísà ni.

ORÍ INÁ

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Mo ṣí fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá. Mo nu ẹran lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú tísù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹ̀ ti gbẹ, torí gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti Túsìdeè, nítorí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lórí páànù ni. Omi ò lè gbóná ju 100°C lọ nínú páànù tó ṣí sílẹ̀. Ojú ẹran tó bá tutù, 100 yẹn ló máa dúró sí títí omi á fi gbẹ, bẹ́ẹ̀ pípọ́n tí a ń wá kì í yá títí tí ojú ẹran á fi kọjá nǹkan bíi 140. Ọdún 1912 ni Louis-Camille Maillard, ará Faransé kan, kọ̀wé nípa bí ṣúgà àti àwọn èròjà tó wà nínú pùrótéènì ṣe máa ń ṣe papọ̀ nínú ooru, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe pípọ́n yẹn dòní. Ẹ wò ó, 1912 yẹn náà ni Wilbur Scoville gbé òṣùwọ̀n ata ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọdún kan náà, ẹ̀yìn ẹran àti ata orí ẹ̀.

Páànù wà lórí iná tó lágbára díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méje, láìsí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo ta omi sí i: tí omi bá kàn ń hó tó sì gbẹ, kò tíì tó, tó bá di roboto tó ń sáré kiri inú páànù, ó ti kọjá 190, ó ti yá. Mo fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀rá èènì Alhaji, mo fi pa inú páànù yíká, èéfín fúnfun fẹ́ẹ́rẹ́ jáde, mo gbé ẹran lé e, mo tẹ́ ẹ kúrò lọ́dọ̀ ara mi kí ọ̀rá má ta sí mi lọ́wọ́. Ìró tó ń ké lẹ máa tẹ́tí sí, ojú ò lè sọ fún yín. Tó bá ń ké ṣàààà, tó le, tó gbẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá ti ń dún pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ jẹ́jẹ́, tí omi ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, ó ti ń bọ̀ nìyẹn, ẹ gbé e kúrò, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kí páànù tún gbóná. Méjì péré ni mo fi sí páànù lẹ́ẹ̀kan, torí tí ẹ bá kó mẹ́rin jọ, omi ara wọn á borí iná.

Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí gbogbo ojú ẹ̀ kan irin. Nígbà tó di nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ mo yí i, àwọ̀ tí mo rí níbẹ̀, mo pe ìyàwó mi kí wọ́n wá wò ó: ó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà sísun, etí ẹ̀ dúdú díẹ̀, ọ̀rá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni mò ń yí i. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ yí sítéèkì, mi ò mọ ẹni tó ṣòfin yẹn, tí ẹ bá ń yí i déédéé ooru á máa wọ inú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò ní sí ẹran aláwọ̀ eérú tó nípọn lábẹ́ èyí tó pọ́n, ó sì tún ń yá jù. Mo fi àmúga gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí etí náà sun. Iná wá sílẹ̀ díẹ̀.

Tẹmómítà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kì í ṣe látòkè, kí orí ẹ̀ lè dúró sí àárín gbùngbùn. Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn aláṣejù sítéèkì. Wọ́n á ní 54, 55°C, kí inú ẹ̀ ṣì pupa yòò. Tó bá jẹ́ ẹran tí mo mọ ibi tí wọ́n ti pa á, tí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò lójú mi, mo lè gbọ́. Ẹran ọjà wa, aràn Taenia saginata yẹn, aràn gbọọrọ tó ń gbé inú ìfun, ẹran màlúù tí kò jinná ló ń gbà wọ ara èèyàn. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí odidi ẹran màlúù dé 63°C, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, òun ni mo tẹ̀lé. Mo gbé e kúrò nígbà tí nọ́ńbà wọ 60, torí ooru tó wà lẹ́yìn ẹran ṣì máa wọnú lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kúrò, mi ò sì yọ tẹmómítà títí tó fi kọjá 63. Ó ṣì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nínú, ó ṣì lómi. Ẹni tó bá ní ìyẹn ti jinná jù, kó jẹ tiẹ̀ nílé ẹ̀.

Bọ́tà kì í wọ páànù nígbà tó ṣì gbóná bẹ́ẹ̀ o. Nínú bọ́tà, nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rá, ìyókù jẹ́ omi àti èròjà wàrà, èròjà wàrà yẹn ló máa ń jó kíákíá tó sì ń korò. Ti bọ́tà yìí tún burú jù torí ata, ata rodo lórí irin gbígbóná báyìí, gbogbo ilé ló máa wúkọ́, ìkókó á sunkún, ẹ̀yin náà á sáré jáde. Orí pákó ni mo gbé ẹran sí, mo gé bọ́tà dídì ní roboto, mo gbé ẹyọ kan lé ìkọ̀ọ̀kan, kó máa yọ́ fúnra ẹ̀ bí ẹran ṣe ń sinmi. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ. Nígbà tí páànù ti rọlẹ̀ dáadáa ni mo ju bọ́tà kékeré kan sínú ẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, mo fi pákó ìrokà ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, ó di ọbẹ̀ ṣíbí mẹ́ta péré, mo dà á lé e.

Mo gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo tún dábùú okùn ẹran. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá kí wa tẹ ọrùn wo abọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ rèé, àbí ojú mi ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dà tán níbi tí wọ́n ti pa á. Myoglobin ni wọ́n ń pe èyí, òun ló ń jẹ́ kí ẹran pupa." Wọ́n ní myoglobin ò ní wọ ikùn àwọn. Mo dá tiwọn padà sórí iná títí tó fi di 71, mo fi bọ́tà méjì lé e, wọ́n sì jẹ ẹ́ láìwí nǹkan kan mọ́, torí pé ẹran tí wọ́n ti jẹ́ kó sinmi ní fíríìjì, tí wọ́n sì dábùú gé, kì í le bí okùn tó bá tiẹ̀ jinná tán. Iṣu díndín la fi tì í. Bọ́tà onírú ló kọ́kọ́ tán, ìyàwó mi ní àwọn kọ́ làwọn jẹ ẹ́.

LẸ́YÌN Ẹ̀

Páànù: omi gbígbóná, kànrìnkàn, ọṣẹ díẹ̀ náà ò pa á, ohun tó ń pa á ni kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di àárọ̀. Mo gbé e padà sórí gáàsì kó gbẹ, mo fi òróró tó kéré gan-an nù ún nígbà tó ṣì gbóná. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ti ṣí òróró gbígbẹ kúrò níbì kan tó tó owó ẹyọ nítòsí ọwọ́ páànù, àwọ̀ eérú ti yọ níbẹ̀, ó máa tún wọ oven lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà míì inú abọ́ ni mo máa fún ọsàn sí.

Bọ́tà aláìnírú tó kù wà ní fírísà, àgbàdo sísun ló ń jẹ ẹ́ báyìí, iṣu bíbọ̀ náà. Àwọn etí ẹran tí mo gé kúrò àti ègé tí kò nípọn tó ti wọ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní Sọ́ńdè, iké ni mo máa ní kí Alhaji bá mi gbé sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn máa gba odidi ọjọ́ nínú oven, mi ò sì tíì mọ iye gáàsì tó máa jẹ.